Bírò Pupa Tí Mo Fi Kọ Iye Ẹ̀jẹ̀ Màámi Kékeré

Bírò pupa wà lára irinṣẹ́ wa ní láàbù. Tí èsì àyẹ̀wò bá ti kọjá ààlà, yálà ó lọ sókè jù tàbí ó wálẹ̀ jù, pupa la fi ń fa ìlà sí i nídìí, kí ojú dókítà lè tètè bọ́ sí i. Mo ti fi bírò yẹn fa ìlà sí èsì àìmọye èèyàn láìronú lé e lẹ́ẹ̀mejì. Àfìgbà tó kan àbúrò màmá mi ni mo tó mọ̀ pé ìlà kékeré yẹn lè da ilé rú.

Màámi Kékeré la máa ń pè é. Èlùbọ́ ló ń tà lọ́jà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ibi tó ti ń wẹ̀ ló ti kan kókó kan ní ọyàn òsì. Kò dùn ún, ó sì gbé e mọ́ra fún oṣù márùn-ún. Nígbà tó fi máa sọ fún mi, ó ti tó ẹyin adìyẹ. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ gba kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kí kókó náà lè súnkì, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ.

Kí wọ́n tó fún èèyàn ní kímò, wọ́n gbọ́dọ̀ ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kà á fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ni mo bá padà sí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Èèyàn á fa oògùn Turk sínú ìgò kékeré, ìdá 19, á fi ìdá kan ẹ̀jẹ̀ sí i. Kíkan inú oògùn náà á fọ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì pupa dànù, àwọ̀ aró inú rẹ̀ á sì kun àwọn funfun tó kù kí ojú lè rí wọn. A ó wá kán an sórí gíláàsì Neubauer tí wọ́n ti fa ilà sí bí ìwé ìṣirò, a ó fi sábẹ́ maikirosikóòpù, a ó ka àwọn tó wà nínú àpótí ńlá mẹ́rin tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iye tí a bá rí, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 50. Mo rí 52. Ó di 2,600. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri sọ pé 4,000 sí 11,000 ló yẹ kó jẹ́. Mo tún pín wọn sí oríṣi wọn. Neutrophil, irú ẹ̀jẹ̀ funfun tó máa ń bá kòkòrò àìsàn jà, tó wà níbẹ̀ kò ju 1,100 lọ, bẹ́ẹ̀ tí kò bá tó 1,500, ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ fún èèyàn ní kímò. Mo mú bírò pupa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí nǹkan kan tí èmi ò kíyè sí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ tí mo kà yìí, kò tíì sí ẹ̀kán kímò kan tó wọ ara obìnrin yìí. Kí ló wá fà á wálẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ kí n bi ara mi nìyẹn. Mi ò bi í.

Dókítà kékeré tó wà níbẹ̀ sún kímò síwájú lọ́sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ kejì mo tún kà á, ó di 2,700. Pupa. Wọ́n tún sún un. Nígbà yẹn ni ilé dàrú. Mo ti sọ fún Màámi Kékeré pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ò pọ̀ tó, àṣé ohun tó gbọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ òun ti ń di funfun. Ó sunkún mọ́jú. Màmá mi ń gún ewé ugu, ó ń pò ó mọ́ mílíìkì. Ẹ̀gbọ́n wa kan gbé àgbo wá. Ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ra ike oògùn kan wá tí wọ́n ní ó ń ta ọmọ ogun ara jí, owó rẹ̀ sì ju èrè ọ̀sẹ̀ kan nídìí èlùbọ́ lọ. Èmi tó yẹ kí n sọ̀rọ̀, àgbo yẹn nìkan ni mo lè ní kó má mu, nítorí bó ṣe lè bá ẹ̀dọ̀ àti kímò jà. Èyí tó kù, mo ń wò. Ojú ń tì mí láti sọ pé ugu tí gbogbo wa gbójú lé, ẹ̀jẹ̀ pupa ni wọ́n máa ń tìtorí ẹ̀ mu ún, ọ̀rọ̀ tiwa sì kọ́ nìyẹn.

Dókítà àgbà obìnrin kan ló gbà wá. Ó wo ìwé náà, ó gbé ojú sókè.

“Ta ló fa ìlà sí èyí?”

“Èmi ni, Mà.”

“Èló ni tirẹ̀ máa ń jẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá le?”

Mi ò mọ̀. Ó ní kí n lọ wá a.

Inú báàgì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, láàárín ìwé ilẹ̀ àti káàdì ìbí àwọn ọmọ rẹ̀, la ti rí káàdì ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ọ̀dù fún un lọ́dún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ funfun: 2,900. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, egbò jinná, ó padà sọ́jà lóṣù kejì. Bí tirẹ̀ ṣe máa ń wà nìyẹn láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi ṣòfò, tí kókó yẹn fi jókòó sí àyà rẹ̀ láìsí oògùn, ọwọ́ mi ló ti wá.

Kó má di pé ẹnì kan tún ṣe irú àṣìṣe mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Ohun kan wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa ọ̀pọ̀ èèyàn láyé tó ń jẹ́ Duffy. Irú kòkòrò ibà kan, Plasmodium vivax, ibẹ̀ ló máa ń gbà wọlé bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà. Lápá ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, èyí tó pọ̀ jù nínú wa ò ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa rárá, vivax kì í sì í sábà rí wa gbé ṣe. Àyípadà kan náà yìí ló mú kí neutrophil tó ń rìn nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ wa kéré sí ti òyìnbó, láìjẹ́ pé àìsàn ń tètè mú wa nítorí rẹ̀. Òǹkà tó wà lára ògiri láàbù wa, àwọn tí ìran wọn wá láti Yúróòpù ni wọ́n kà jù kí wọ́n tó kọ ọ́. Mo ti kàwé nípa Duffy nílé ẹ̀kọ́, mo sì yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ìwé yẹn ò bá mi dé ìdí maikirosikóòpù.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kímò. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà pupa bíi sóbò, ìtọ̀ pàápàá ń pọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin la fi ń jókòó níbẹ̀, ọ̀rọ̀ la sì fi ń lé àkókò. Ọjọ́ kejì tí a débẹ̀ ni Màámi Kékeré bi mí léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí rí ní gbogbo ọdún tí mo ti ń ka ẹ̀jẹ̀: “Àwọn funfun tí ẹ ń kà yìí, kí ni wọ́n ń ṣe fún kókó yìí gan-an?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọmọ ogun, bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Ojú rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Àìsàn tó wá láti ìta, bíi ti kòkòrò inú omi, èyí yé e pé ọmọ ogun lè lé e. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ, ara òun náà ni. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀: ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Báwo ni ọmọ ogun ṣe ń mọ ọmọ ilé tó ti yíwà padà?

Mo ní, “Màámi, láàárọ̀ tí ẹ bá dé ìsọ̀, kí lẹ máa ń ṣe sí ẹnu àpò?”

“A máa ń ká a sílẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ ra èlùbọ́ tí kò rí?”

Bí sẹ́ẹ̀lì ara ṣe ń ṣe nìyẹn. Gbogbo èròjà tó bá ń ṣe nínú rẹ̀, ó máa ń bu díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ síta, á pàtẹ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Irú ẹ̀jẹ̀ funfun kan tí wọ́n ń pè ní T cell á máa ti ìsọ̀ kan bọ́ sí èkejì, wọ́n á máa fọwọ́ bù ú wò. Èyí tó bá jẹ́ ọjà tí wọ́n ti ń rí láti kékeré, wọ́n á kọjá. Sẹ́ẹ̀lì tó ti fẹ́ di jẹjẹrẹ, àṣìṣe ti wọnú ìwé ìlànà rẹ̀, ọjà àjèjì ló máa bọ́ sẹ́nu àpò rẹ̀. Níbẹ̀ ni T cell á ti dúró. Á lẹ̀ mọ́ ọn tímọ́tímọ́, á da perforin sí i lára, ìyẹn á lu ihò sí i, granzyme á sì gba ihò yẹn wọlé.

Granzyme yìí, èmi ò rí ohun tó jọ ọ́ bí igbá ẹyin odídẹrẹ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá gbé igbá bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Aláàfin láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ọba. Ọba á ṣí igbá, á mọ̀ pé ayé ti kọ òun, á sì ṣe ara rẹ̀ bí ọkùnrin. Sẹ́ẹ̀lì tí granzyme bá wọlé tọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa tú ilé ara rẹ̀ wó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìda ìdọ̀tí sára aládùúgbò. Ìyọnu jẹjẹrẹ ni pé àwọn kan nínú wọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ igbá.

Màámi Kékeré gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní, “Olè tó bá mọ̀ pé ẹnu àpò ni wọ́n ń wò, ṣé kò ní so ẹnu àpò tirẹ̀ pa ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé ohun tó fi ìṣẹ́jú kan rò yìí, ó gba àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Lóòótọ́ ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ máa ń palẹ̀ àtẹ wọn mọ́, T cell á kọjá láìrí nǹkan. Àwọn míì ló wá wà fún irú wọn. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Rolf Kiessling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Karolinska, lórílẹ̀-èdè Sweden, wà lára àwọn tó ṣàwárí sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí wọ́n sọ ní NK, ìyẹn natural killer, apani àdámọ́. Klas Kärre níbẹ̀ náà ló wá là á yé wọn lẹ́yìn náà pé ẹni tí kò bá pàtẹ gan-an ni NK ń wá. Ìsọ̀ tó ṣí, tí ẹnu àpò wà ní dídì, òun ni wọ́n á yà sí.

“Àwọn yẹn gbọ́n,” ni ó wí. “Mo fẹ́ràn àwọn yẹn.”

Lára ohun tí kò dùn mọ́ ọn nínú ni ti macrophage. Ọ̀jẹun ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbá òkú àti ìdọ̀tí jẹ, kí wọ́n sì bá ara tún egbò ṣe. Tí wọ́n bá wọnú kókó jẹjẹrẹ, ó máa ń tàn wọ́n bí ẹni pé egbò lòun. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, wọ́n á pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun wá síbẹ̀, oúnjẹ á máa wọlé fún un. Rudolf Virchow ní Jámánì ti rí i láti ọdún 1863 pé ẹ̀jẹ̀ funfun máa ń wà nínú kókó jẹjẹrẹ. Kò túmọ̀ sí pé ìjà ni gbogbo wọn ń jà níbẹ̀. Àwọn kan ń pọn omi fún olè. Nígbà tí mo sọ èyí, Màámi Kékeré kàn pòṣé, ó ní irú wọn pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà.

Èmi náà ti rí i rí pé pípọ̀ kọ́ ni agbára. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan wá. Tí a bá yí ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín tí a fi ń wo PCV, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, pupa á sùn sísàlẹ̀, omi á dúró lókè, àwọn funfun á jẹ́ ilà kan ṣoṣo láàárín, kò nípọn ju fọ́nrán òwú lọ. Ti ọkùnrin yìí nípọn tó èékánná ọwọ́ mi. Ó ju 200,000 lọ. Ṣé ọmọ ogun tó pọ̀ tó yẹn ò yẹ kó lé gbogbo àìsàn lọ? Àwọn funfun náà gan-an ló ti di jẹjẹrẹ, èyí tí à ń pè ní leukaemia.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ohun tí mo kọ sókè yìí, kó wá sọ pé kò sí wàhálà nínú kí ẹ̀jẹ̀ funfun wálẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn kímò kejì, ago mọ́kànlá òru, ọmọ rẹ̀ pè mí. Ó ní ibà ń ṣe màmá, pé àwọn ti ra oògùn ibà, àwọn á wo bó ṣe máa rí di àárọ̀. Mo ní kí wọ́n fi tẹmómítà sí i lábíyá. 38.7. Mo wọ ṣòkòtò lé pijámà.

Kímò kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín jẹjẹrẹ àti ohun mìíràn tó ń yára pín ara rẹ̀. Mùdùnmúdùn egungun ń ṣe neutrophil tó bíi bílíọ̀nù 100 lójúmọ́, nítorí pé wọn kì í pẹ́ láyé. Kímò á dá iṣẹ́ yẹn dúró, àwọn tó wà nílẹ̀ á kú, àwọn tuntun ò ní tíì dé. Láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá ló máa ń burú jù. Ẹnìkejì mi tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ló kà á: neutrophil 200. Kì í ṣe 2,000 o. Kòkòrò tó ti ń gbé inú ìfun rẹ̀ láti ìgbà èwe láìṣe é ní nǹkan lè pa á lóru ọjọ́ yẹn. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ apakòkòrò sí omi rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, ọjọ́ méje ló sì lò ní wọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo dé láàbù tí mo rí ìlà pupa tí ẹnìkejì mi fà, mo ní ó ṣeun. Ẹni tó bá ń gba kímò, tí ara rẹ̀ gbóná dé 38, ẹ má rò ó sí ibà lásán, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá kò sí oògùn tó lè ran àwọn funfun yìí lọ́wọ́ láti bá jẹjẹrẹ jà. Ó wà, ọjọ́ ẹ̀ sì ti pẹ́. Lọ́dún 1891, William Coley, oníṣẹ́ abẹ kan ní New York, fi kòkòrò gún aláìsàn kan tí kókó wà lọ́rùn rẹ̀, torí ó ti ṣàkíyèsí pé ẹnì kan tí àìsàn awọ mú ní kókó rẹ̀ yọ́. Nígbà míì á ṣiṣẹ́, nígbà míì kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ tún wo apá òsì yín: àpá BCG tí wọ́n gún fún wa ní kékeré nítorí ikọ́ ife. Oògùn kan náà yẹn ni wọ́n ń dà sínú àpòòtọ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ níbẹ̀, láti ìgbà tí Alvaro Morales ní Kánádà ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1976. Kòkòrò tí kò lè pani á ru ẹ̀jẹ̀ funfun jọ síbẹ̀, wọ́n á sì gbọ́ ti jẹjẹrẹ náà mọ́ ọn.

Èyí tó ń gbayì báyìí jọ ọ̀rọ̀ agbèrò ní Ìwó Road. Dírẹ́bà tó bá ti na tíkẹ́ẹ̀tì síta, agbèrò á fà sẹ́yìn. T cell ní ohun kan lára tó ń jẹ́ PD-1, Tasuku Honjo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kyoto ló ṣàwárí rẹ̀, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1992. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè na PD-L1 sí i bíi tíkẹ́ẹ̀tì, T cell tó ti dì í mú á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Oògùn tuntun náà á bo tíkẹ́ẹ̀tì yẹn tàbí ojú tó ń wò ó. Honjo àti James Allison ará Amẹ́ríkà gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀nà yìí lọ́dún 2018. Owó rẹ̀ ò ṣeé gbọ́ sétí ní ìsọ̀ èlùbọ́. Nínú jẹjẹrẹ ọyàn, irú tí wọ́n ń pè ní triple-negative, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ, ló wúlò fún jù. Ti Màámi Kékeré kì í ṣe irú yẹn, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ ló bá tirẹ̀ mu, ó sì ń lò ó títí di òní.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo lọ bẹ àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́ka tí wọ́n ti ń wo ẹran ara, pé kí wọ́n jẹ́ kí n rí kókó náà. Wọ́n ti gé e pẹlẹbẹ sórí gíláàsì, wọ́n ti pa á láró, pupa rẹ́súrẹ́sú àti aró. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ gbọ̀ngbọ̀nràn, ìrísí wọn ò dọ́gba, wọ́n wà ní wúruwùru bí ẹni tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wá fa gíláàsì náà sápá kan. Ní etí kókó náà ni wọ́n wà, lymphocyte, ìdílé ẹ̀jẹ̀ funfun tí T cell àti NK ti wá, wọ́n kéré, wọ́n dúdú, wọ́n ṣù jọ bí kóró ìbẹ́pẹ. Èmi tí mo ti ń kà wọ́n lójoojúmọ́ nínú omi, mi ò tíì rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ rí. Mo wò wọ́n títí ọrùn fi ń dùn mí.

Ní Sátidé, mo yà sí Bódìjà. Ó ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà kan, apá òsì rẹ̀ ò tíì gòkè tán. Mo sọ ohun tí mo rí fún un.

“Ṣé wọ́n wọlé?” ni ó bi mí.

“Àwọn kan wọlé, Màámi.”

“Àwọn tó kù ńkọ́?”

“Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí.”

Ó gbọn kóńgò sórí àpò, ó fún oníbàárà ní ẹ̀ní, ó wá ní kí n bá òun ká ẹnu àpò kejì sílẹ̀.